Iyè Àwẹ̀ró Tó Pẹ́ sí Àná

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Àwẹ̀ró, ó bà lé Ọdẹ́jídé ọkọ rẹ̀, ó wá bà lé Àkùkọ orí òrùlé wọn.

Ní ìgbà ìwáṣẹ̀, bí ènìyàn bá sùn, ara á wà lórí ẹní, iyè á máa rìn kiri. Iyè lè lọ sí àná. Ó lè lọ sí ọ̀la. Kò sẹ́ni tó ń pè é padà. Ìgbà tó bá wù ú ló ń dé. Bó bá dé, ènìyàn á jí.

Àwẹ̀ró ní ọmọ ọwọ́ kan, Àdìgún. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyin ojú.

Ní ọjọ́ kan, àkọ́rọ̀ òjò rọ̀. Ọdẹ́jídé fẹ́ gbin àgbàdo ṣáájú gbogbo ará oko. Ó pe Àwẹ̀ró, kò jí. Ó mì í, kò jí. Ó bu omi tútù, ó dà á sí i lójú, ṣàà!

Ara dìde. Iyè kò tíì dé.

"Àwẹ̀ró, gbé igbá àgbàdo, ká máa lọ."

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ìyá mi ti lọ sódò. Ta ni kí n sọ pé ó wá?"

"Bàbá kẹ̀? Èmi ọkọ rẹ ni!"

"Ọkọ? Èmi tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká?"

Ọdẹ́jídé rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ni. Àdìgún bú sẹ́kún, Ọdẹ́jídé gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwẹ̀ró fà sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ yìí fún ìyá rẹ̀. Ebi ń pa á."

Ẹ̀rín kú mọ́ Ọdẹ́jídé lẹ́nu. Ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé o! Kí ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe yìí?"

Ajá ilé wọn ní iyè rẹ̀ ni kò tíì dé, òun á lọ mú un wá. Ó sáré dé àná. Ó bá iyè Àwẹ̀ró, ọmọdébìnrin kékeré, ní àgbàlá ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Ó ń fi epo jẹ iṣu sísun. Ajá gbó mọ́ ọn. Ẹ̀rù bà á, ó sá wọ yàrá.

Àdàbà tún lọ pè é. Ó ké jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ dùn. Iyè gbórí lé itan ìyá rẹ̀, ó tún ń tòògbé.

Oòrùn ti yọ. Ohùn Àdìgún ti há.

Àkùkọ ní, "Èmi kò lọ síbì kankan. Bí gbogbo wa bá lọ sí àná, ta ni yóò pè wá wálé?" Ó dúró lórí òrùlé, ó gbọn apá, ó fi orin sẹ́nu. Ẹ bá mi gbè é:

Àwẹ̀ró o, máa bọ̀ wálé,
*Ilẹ̀ ti mọ́.*
Àná dùn, kò ṣeé gbé,
*Ilẹ̀ ti mọ́.*
Àdìgún ń ké, ebi ń pa á,
*Ilẹ̀ ti mọ́.*

Ìyá gbọ́ orin náà. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ta ló ń sunkún yẹn?"

"Ọmọ kan ni, ìyá mi."

"Ọmọ ta ni?"

Iyè gbé orí sókè. Ó tẹ́tí. Ó fò dìde.

"Ọmọ mi ni!"

"Ó dáa. Máa lọ, ọmọ mi."

Eré ni iyè sá dé. Àwẹ̀ró yán, ó na ara gbọọrọ, ó ṣẹ́jú. "Àdìgún! Ta ló jẹ́ kí ọmọ mi sunkún tó báyìí?" Ó gbà á, ó ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ilé pa rọ́rọ́.

Ọdẹ́jídé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Àwẹ̀ró, ṣé o jí ire?"

"Mo jí ire o. Kí ló dé tí ojú mi fi tutù?"

Ọdẹ́jídé fi aṣọ nù ún lójú. Kò sì sẹ́ni tó gbin àgbàdo lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni àkùkọ ti ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí iyè lè tètè gbéra. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jí fi ń dùbúlẹ̀ díẹ̀, tí kò mọ ọjọ́, tí kò mọ ilé ẹni tó wà. Kó má fòyà. Iyè rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń nu ẹsẹ̀ ni. Ìdí náà nìyẹn tí a kì í fi í rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ láàárọ̀ láìkọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé o jí ire?" Bó bá ti dáhùn, ọkàn wa á balẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ti délé.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí rèé. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí n súfèé kó má dún. Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ bó ṣe ń dún, fíìì!