Bí Àpótí Agbára Ṣe Di Alábẹ̀bẹ̀

Nígbà láéláé, ilé kọ̀ǹpútà kò ní àpótí agbára. Iná máa ń ti inú ògiri wọlé bó ṣe wù ú ni. Lónìí á rọra yọ́ wọlé, lọ́la á ya wọlé bí àgbàrá.

Ìrántí, àbíkẹ́yìn ilé náà, ni ìyà ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ jù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀, Ọpọlọ, bá ń rò mú. Ṣùgbọ́n bí Iná bá ti ṣẹ́jú pẹ́nrẹ́n, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì parí iṣẹ́ kan rí, ó sì ń dùn ún wọra.

Ọpọlọ wá kéde pé òun ń wá ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí yóò máa gba Iná, tí yóò sì máa bu ìwọ̀n tó tọ́ fún oníkálùkù. Àpótí agbára méjì ló jáde. Fúyẹ́ wọ aṣọ tó ń tàn yinrinyinrin, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà pé agbára òun jẹ́ ẹgbẹ̀rin wáàtì. Tẹ̀wọ̀n wọ dúdú lásán. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta ló kọ sí tirẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rin kẹ̀!" ni Ọpọlọ wí. "Ó parí. Fúyẹ́ ni mo mú."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé wọn wò ná."

Ìrántí gbé Fúyẹ́. Bíi páálí òfìfo ló rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé Tẹ̀wọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

"Bàbá, nǹkan wà nínú eléyìí o. Kí ló wà nínú Fúyẹ́?"

Fúyẹ́ rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. "Ẹ gbọ́ ọmọdé! Ṣé kò lè ka àyà mi ni?"

"Ẹ má bá ara yín jà," ni Ọpọlọ wí. "Ẹ gba Iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ká wò ó."

Fúyẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Bí Iná ṣe ya dé, ó ké "Yéè!", èéfín sọ nímú rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí Ìrántí dì mú tún pòórá.

Ó kan Tẹ̀wọ̀n. Iná fi ìbínú ya wọlé, Tẹ̀wọ̀n gbá a mú, kò mì. Ó bu púpọ̀ fún Ọpọlọ, ó bu díẹ̀ fún Ìrántí. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gbóná janjan, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ooru yìí á pa yín o!" Ìrántí sáré mú abẹ̀bẹ̀, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ kíkankíkan títí Iná fi rọlẹ̀.

"Ó yá, Ìrántí, kí ni mo rò?" ni Ọpọlọ béèrè.

Ìrántí là á sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ kan kò jábọ́! Ilé hó yèè. Ọpọlọ ṣí fìlà fún ọmọ rẹ̀. Inú Ìrántí dùn débi pé ó ń jó káàkiri ilé, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ náà ta Tẹ̀wọ̀n lọ́rẹ.

Láti ọjọ́ náà ni àpótí agbára ti ní abẹ̀bẹ̀ tí ń fẹ́ fùù lára rẹ̀. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni ẹni tó gbọ́n kì í ti í ka àyà rẹ̀ nìkan kó tó rà á. Á kọ́kọ́ gbé e wò bí Ìrántí ti ṣe.