Glenabah àti Ẹṣin Dúdú Ọjọ́ Ìbò

Mo ti ki àdá bọ ẹnu, mo sì ti búra: òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí. Ìgbà tí mo búra tán ni mo wo àdá náà dáadáa, mo sì rí i pé oníke ni, èyí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣeré. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ìtàn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́ tán.

Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ àwọn Nàfáhò, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ àtijọ́ ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti pupa bí epo, tí àpáta sì ga ju ilé lọ. Glenabah ni orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí, láàárín àgùntàn, nínú ilé roboto tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀. Inú àgbá ni wọ́n ti ń gbé omi wá láti ọ̀nà jíjìn, bẹ́ẹ̀ omi tó ń ṣàn láti orí òkè wọn gan-an ló ń lọ sí ìlú ńlá. Ohun tó ká Glenabah lára nìyẹn. Nígbà tó dàgbà, ó ní òun yóò wọ Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti lọ sọ ọ́ lójú wọn.

Obìnrin Nàfáhò kankan kò tíì ṣojú agbègbè náà rí. Ọ̀gbẹ́ni Pratt, oníṣòwò màlúù, ló ti jókòó sórí àga aṣòfin náà títí àga fi mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Glenabah bá a du ipò, ó fìdí rẹmi. Àwọn àgbàlagbà tó ń gbé ìsàlẹ̀ àfonífojì, tí ìbò wọn ì bá gbé e wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Òjò ti sọ ọ̀nà di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò lè kọjá.

Glenabah padà sílé, ó ní òun kò ṣe mọ́.

"Ṣé o ti ṣe tán?" ni ìyá àgbà bi í.

"Mo ti ṣe tán, Ìyá àgbà. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó."

"Ó dáa. Jọ̀wọ́, lọ sọ fún àwọn àgùntàn pé omi kò ní dé mọ́. Èmi kò lè sọ fún wọn, ojú ń tì mí."

Glenabah rẹ́rìn-ín tomijétomijé. Nígbà tí ìbò mìíràn dé, ó tún dìde.

Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ ìbò náà, bí ẹni pé Ọ̀gbẹ́ni Pratt ló ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, Glenabah kò dúró de ọkọ̀. Ó di gàárì mọ́ abo ẹṣin dúdú kan, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ pe àwọn àgbàlagbà náà jáde, tàwọn tẹṣin wọn. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, arúgbó lọ́kùnrin lóbìnrin, ìlẹ̀kẹ̀ òkúta aláwọ̀ ojú ọ̀run lọ́rùn wọn, orin àwọn baba ńlá wọn lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá rí wọn, orí rẹ̀ á wú.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé gbọ̀ngàn ìdìbò nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn Pratt kan tẹ họ́ọ̀nù ọkọ̀ rẹ̀ lójijì. Ẹṣin dúdú ta gìrì, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó sì dá Glenabah sínú ẹrẹ̀ gbì!

"Ẹ wò ó o!" ọkùnrin náà kígbe. "Ẹṣin rẹ̀ gan-an kò dìbò fún un!"

Ẹ̀rín kọ́ ló dun Glenabah. Ohun tó dùn ún ni pé gbogbo ẹṣin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló dúró. Hoskie, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó jẹ́ àgbà wọn, mi orí. "Ọmọ mi, ìṣubú lójú ọ̀nà kì í ṣe àmì rere. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Àwọn kan ti ń yí ìjánu padà. Bí wọ́n bá lọ, ìbò lọ, omi náà lọ.

Ìbàdí ń ro Glenabah gógó. Ó dìde, ó nu ẹrẹ̀ ojú, ó fọwọ́ pa ẹṣin náà lọ́rùn.

"Bàbá, ṣé ẹ rí mi nílẹ̀?"

"Mo rí ọ."

"Ẹ tún wò mí." Ó di gàárì mú, ó fò gùn ún. "Ibo ni mo wà báyìí?"

Hoskie ní, "Orí ẹṣin ni."

"Ta ló wá ń lọ sílé?"

"Hoskie ni, bó bá wù ú!" arúgbó obìnrin kan dáhùn lẹ́yìn. "Èmi ò lè wá bó ìdí mi sórí gàárì lásán!"

Ẹ̀rín sọ, àti ti Hoskie pẹ̀lú. Wọ́n wọ gbọ̀ngàn náà, wọ́n dìbò, Glenabah sì wọlé.

Nílé aṣòfin, wọ́n da àbá rẹ̀ lórí omi nù. Ó tún gbé e wá. Wọ́n tún dà á nù. Bí wọ́n ti ń gbójú sókè ni wọ́n tún rí i, ó dúró ṣinṣin, ó ń fi èdè ìyá rẹ̀ kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn alátakò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ nawọ́ sókè fún un, kí wọ́n lè rí àyè lọ jẹun. Omi dé àfonífojì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní òun ti fìdí rẹmi lágbègbè náà, Hoskie á bi í pé, "Ṣé ẹṣin ti sá lọ ni?"

Ó wá ku ibi tí mo ti purọ́. Arúgbó obìnrin onígàárì yẹn, èmi ni mo fi í síbẹ̀, nítorí kí ìtàn lè dùn. Pé ọ̀rọ̀ Hoskie yẹn ló la òkun wá di òwe tí mo fẹ́ pa yìí, èmi náà ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Bóyá àwọn baba wa ti ń pa òwe náà kí wọ́n tó bí Hoskie. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní Glenabah kò tún ẹṣin gùn, kí ó jáde wá ká jọ jà á. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni.