Agbè Àkànmú

"Ọtí tó ń sọ̀rọ̀, a kì í dí i lẹ́nu." Ẹ ti pa òwe yìí rí, ẹ má purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ìdí ẹ̀ nínú yín? Kó nawọ́. Mo wò yíká, kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó dáa, ẹ jókòó.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Ìrorò, Àkànmú lorúkọ ẹ̀. Àgbẹ̀ ni, àmọ́ agadagídí ló sọ ọ́ di olókìkí, ìyẹn ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n dẹ̀dẹ̀. Agbè kan ṣoṣo ló máa ń pọn lẹ́ẹ̀kan. Ewúro ló fi ń dá adùn ẹ̀ lẹ́kun. Tẹ́ ẹ bá mu ún, ẹ ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ ó wá fajú ro, ẹ ó tún na ife padà.

Lọ́dún yẹn, ara ìyá ìyàwó ẹ̀ ò yá ní Ìdí-Osè. Ìyá yìí ló fọmọ fún un nígbà tí kò ní ju ọkọ́ kan lọ. Látọjọ́ ìgbéyàwó ni Àkànmú ti ṣèlérí agbè kan fún un, ọdún méje ló fi ń sọ pé "tó bá dọ̀la." Ó wá gbọ́ pé ìyá ń ṣàìsàn, ló bá sáré bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwẹ̀ró ìyàwó ẹ̀ bá a nídìí agbè. "Bàbá Dọ̀tun, wọ́n tún ránṣẹ́ láti ilé wa—"

"Ṣíọ̀! Ẹni tó ń pọntí kì í gbọ́ ẹjọ́. Ṣé o fẹ́ kó kan ni?"

"Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò pọ̀."

"Jẹ́ kó ṣeé mu ná. Màá gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀."

Àwẹ̀ró dákẹ́. Agbè ò dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í hó: gbùlù, gbùlù, gbùlù. Òórùn ẹ̀ gba àdúgbò, àwọn èèyàn ń gbé itọ́ mì lọ́nà oko. Ìyẹn gan-an ló dun Àkànmú. Adùn ìyá àgbà ló ń bá atẹ́gùn lọ yẹn! Ló bá fi aṣọ àti ìda dí agbè lẹ́nu pinpin.

"Bàbá Dọ̀tun, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ni wọ́n ń fi sí i lẹ́nu nílé wa, kó lè máa mí. Àti pé ìyá mi—"

"Àwẹ̀ró, ìda ṣẹ́kù o. Ṣé kí n fi dí tìẹ náà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ń fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n lè gbéra lọ sí Ìdí-Osè, ó gbọ́ gbàù! Agbè ti fọ́ yángá, ọtí ń ṣàn lọ, adìẹ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Àkànmú kúnlẹ̀, ó fìka lá àfọ́kù kan. Kò pọn irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀.

"Kí la fẹ́ gbé dé ọ̀dọ̀ ìyá báyìí? Sọ̀rọ̀, Àwẹ̀ró, mo ń gbọ́."

Àwẹ̀ró ti gbé ẹrù ẹ̀ kọ́ apá. "Ìyá ò bèèrè ọtí. Ẹ̀yin ni wọ́n ní kí n mú wá. Wọ́n ní ká má pẹ́."

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Osè lọ́sàn-án, àwọn obìnrin ilé ti tú irun wọn. Ìyá ti dákẹ́ láàárọ̀.

"Títí ilẹ̀ àná fi ṣú," ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró wí, "ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò."

Àkànmú pọntí títí ó fi darúgbó, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ò sì wọ́n lẹ́nu agbè ẹ̀ mọ́. Gbogbo ìgbà tí ọtí bá ti ń hó, á pe ìyàwó ẹ̀, á ní, "Àwẹ̀ró, kí lo fẹ́ sọ?"

Àwẹ̀ró á ní, "Kò sí."

Ìdí nìyẹn táwọn àgbà fi máa ń pa á fún ẹni tó ń ṣe oore fún èèyàn lọ́wọ́ kan, tó sì ń fi ọwọ́ kejì bò ó lẹ́nu: ọtí tó ń sọ̀rọ̀, a kì í dí i lẹ́nu. Ẹ tètè gbọ́ ọ, kó tó di pé ẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀.