Ata Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọwọ́ Kàn

Ẹ má bi mí léèrè iṣẹ́ àgbẹ̀, n kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ kan ṣoṣo tí mo gbìn láyé mi, ewúrẹ́ aládùúgbò ló jẹ ẹ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ewúrẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìtàn ata yìí ń hó lẹ́nu mi bí omi orí iná. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó jó mi láhọ́n.

Ọkùnrin kan wà ní Kánádà, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Ìyá rẹ̀ ti kú nílé. Ìyá náà ní irú ata rodo kan lóko, tí ẹni tó bá jẹ ẹ́ á máa sunkún, á sì tún máa bu sí i. Wọ́n ti kọ́lé sórí oko yẹn. Hóró méjìlá péré ló ṣẹ́kù nínú ata náà láyé, èyí tí ìyá dì sínú àkísà kan kó tó kú.

Ọkùnrin náà gbin méjèèjìlá sínú ìkòkò, nínú yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ̀. Ó ra iná kan tó ń tàn ní àwọ̀ àlùkò, ó gbé e kọ́ sókè wọn, kó máa ṣe iṣẹ́ oòrùn títí òtútù yóò fi lọ. Mẹ́ta hù. Mẹ́ta! Ẹ bá wo ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń jó yí ìkòkò ká. Aládùúgbò rẹ̀, òyìnbó kan, rí iná náà lójú fèrèsé, ó rò pé igbó ló ń gbìn. Ó kanlẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó ní ṣé òun lè rí díẹ̀ mú. Nígbà tó gbọ́ pé ata ni, inú bí i.

Àwọn ata dàgbà, wọ́n ga dé ìbàdí. Wọ́n yọ òdòdó funfun. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ọkùnrin wa tán sí. Ó rántí pé nílé, a kì í nàka sí ọmọ elégédé, kó má baà rà. Ló bá sọ èèwọ̀ elégédé di òfin ata. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ nàka sí i. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ti ilẹ̀kùn pa kí atẹ́gùn má baà fẹ́ lù wọ́n. Òun fúnra rẹ̀, bó bá ń bomi rin wọ́n, ṣe ló ń di èémí mú.

Òdòdó sì ń já. Láràárọ̀ ló ń bá wọn nílẹ̀. Kò sí èyí tó so.

Ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní, "Bàbá Ata, ọmọ rẹ ń ké lókè, ìwọ ń bẹ ewé nísàlẹ̀."

"Bí wọn ò bá so, ata Màámi tán láyé nìyẹn," ló fi dá a lóhùn. Ewé ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Kò sì sí hóró mìíràn.

Ìyá ìyàwó wá láti ilé kó wá wẹ ọmọ. Ó ti fi ogójì ọdún gbin ata, ọwọ́ rẹ̀ le, ahọ́n rẹ̀ tún le jù ú lọ. Ó wẹ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ nílé: ó nà á lápá, ó nà á lẹ́sẹ̀, ó jù ú sókè, ó sì hán an. Ọmọ ké tán, ó sùn fọnfọn. Ìyá ní òun fẹ́ rí ata tí ariwo rẹ̀ gba ilé kan yìí.

Ta ló máa dá ìyá ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà? Obìnrin náà wọlé, ó wo òdòdó tó wà nílẹ̀.

"Ọkọ ọmọ mi, atẹ́gùn wo ló ń mì wọ́n níbí?"

"Kò sí, Mà. Mo dáàbò bò wọ́n ni."

"Oyin ńkọ́? Labalábá ńkọ́?"

"Nínú yìnyín, Mà?"

"O ti ṣìkẹ́ wọn pa nìyẹn."

Ló bá di igi ata àkọ́kọ́ mú lọ́rùn, ó mì ín jìgìjìgì. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà! Ẹ dákun! Ogún ìyá mi ni!"

"Dìde, ilẹ̀ tutù," ni obìnrin náà wí, ó ti bọ́ sórí èkejì. "Lóko ìyá rẹ, ṣé atẹ́gùn máa ń tọrọ àyè kó tó fẹ́? Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó yìí gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà kí ata tó so. Bí nǹkan kan ò bá mì ín, ibẹ̀ náà ló máa gbẹ sí."

Òdòdó mélòó kan já lọ́jọ́ yẹn. Ọkùnrin náà kò lè jẹun. Láràárọ̀, bí ìyá bá ti wẹ ọmọ tán, á sọ̀ kalẹ̀ wá mi ata.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkùnrin náà lọ wò wọ́n. Òdòdó kan ti rọ, ṣùgbọ́n kò já. Nǹkan kan yọrí ní ìdí rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Ó wo ẹ̀ka kejì: òmíràn! Mẹ́rin! Mọ́kànlá! Ó gun àtẹ̀gùn ní méjì-méjì, ó já sínú yìnyín láìwọ bàtà, ó ń pariwo, "Ó so! Ó so o!" Òyìnbó aládùúgbò pàtẹ́wọ́ fún un láìmọ ìdí rẹ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ó dáa. Ìwọ tó ń rín in jù níbẹ̀ yẹn, ìwọ gan-an ni mo torí rẹ̀ ṣe àkàwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ òótọ́ kan fún ọ, o dí nọ́ńbà rẹ̀ pa lórí fóònù. Wọ́n bá ọ wí ní ṣọ́ọ̀ṣì, o kó lọ sí òmíràn. Wọ́n bá ọ wí níbẹ̀ náà, o ní Ọlọ́run wà ní pálọ̀ rẹ. Àwọn tó ṣẹ́kù yí ọ ká, "Ẹ kú ọpọlọ, sà" nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sọ. Ara rẹ ń dán. Gbogbo ohun tí o dáwọ́ lé ń yọ òdòdó, òdòdó ń já, o ní ayé ni. Ayé kọ́.

N kò ní kí gbogbo aláìnítìjú wá máa fà ọ́ tu. Ìyá yẹn mi ata ni, kò fà á tu, ó sì mọ ata. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mò ń béèrè. Nínú gbogbo àwọn tí o mọ̀, ta ló kù tó lè bá ọ wí?