Ojú Tó Wà Lórí Òpó

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Ohùn yín kéré, àbí ẹ kò tíì jẹun ni? Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Adìyẹ abiyamọ, ẹni tí Àṣá fẹ́ẹ́ kó lọ́mọ tán. Nígbà tó ké lọ bá Ìnàkí ọba, ọba ri òpó gíga mọ́lẹ̀ láàrin ìlú, ó gbé kámẹ́rà sórí rẹ̀. Ayékòótọ́ tó ń ka ìròyìn ní, "Ẹ sùn, kí ẹ hanrun. Ìjọba ń wò ó."

Lọ́jọ́ kìíní, Àṣá gbé ọmọ kan. Ayékòótọ́ ní, "Kámẹ́rà rí i. A ń wò ó."

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé òmíràn. Adìyẹ bi Ayékòótọ́ pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí i, kí lẹ wá ṣe?"

"A ṣì ń wò ó, ìyá wa."

Adìyẹ bá forin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Àṣá gbọ́mọ mi lọ.
A ń wò ó.
Ó gbé e kọjá lójú yín.
A ń wò ó.
Wíwò nìkan lẹ ó máa wò ni?
A ń wò ó.

Lọ́jọ́ kẹta, Adìyẹ kò gbójú lé òpó mọ́. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ojú kan wo ilẹ̀, ó fi ìkejì wo ọ̀run. Bó ti rí Àṣá lókèèrè ló ké, àwọn ọmọ sì sá sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Àṣá tí kò rí ọmọ gbé bá já kámẹ́rà gbé lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí Ayékòótọ́ kà: "Ààbò ti gbòòrò sí i. Kámẹ́rà wa ti ń wo ìlú láti òkè ọ̀run."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ ẹ bá rí adìyẹ tó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má rò pé ọrùn ló ń dùn ún. Ó ti gbọ́ ìròyìn rí ni.