Ẹsẹ̀ Láníhún àti Oyin Ọ̀tún

Láníhún ará Ìdí-Ọ̀rọ̀ kò jẹ oyè, kò sì ní ilẹ̀ tirẹ̀; ẹsẹ̀ ni Ọlọ́run fún un. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ó fi ṣe ipò kìíní nínú eré ọdún iṣu tuntun, láti ẹnu odi ìlú dé etí odò Ayẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Bí ó bá ṣe é lẹ́ẹ̀keje, ìlú yóò fún un ní ilẹ̀ tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa ro. Nítorí ilẹ̀ yìí ni ó ṣe ń sáré.

Ojú ọ̀nà pupa nìkan ni asáré gbọ́dọ̀ gbà. Bí ó bá dé, àwọn ìjòyè á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Bí wọ́n bá bá ilẹ̀ dúdú níbẹ̀, a jẹ́ pé ó gba inú igbó já nìyẹn, wọn kò sì ní bi í léèrè ohunkóhun.

Lọ́dún keje, Láníhún ti fi gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ń padà bọ̀ wálé, nígbà tí ó rí èéfín lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ìránṣẹ́ Ọ̀tún ìlú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ oyin níbẹ̀. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé alẹ́ ni à ń yọ oyin, ṣùgbọ́n Ọ̀tún fẹ́ fi oyin jẹ iṣu tuntun níbi eré, ọ̀fun rẹ̀ kò sì lè dúró dalẹ́. Wọ́n ti gbé igbá oyin gba ọ̀nà àbùjá lọ bá Ọ̀tún. Láníhún ni agbo oyin tí inú ń bí bá lójú ọ̀nà. Wọ́n lé e wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún. Nígbà tí wọ́n padà lẹ́yìn rẹ̀, ó jáde síbi tí ó ti yà, ó sá eré náà dópin, òun náà ló sì kọ́kọ́ dé.

Ojú rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀tún gbé iṣu sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà wò, ó ní ilẹ̀ dúdú rèé, ẹ̀gún rèé.

Láníhún ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí ní ohun tó gbé mi dé inú ẹ̀gún.”

“A kì í bi asáré léèrè. Ẹsẹ̀ rẹ ti rojọ́.”

Wọn kò fún un ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ sáré mọ́ láyé. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà wọmi. Irú àgbà wo nìyí? Ẹni tí oyin ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń pe ọmọlọ́mọ ní ẹlẹ́tàn.

Iṣu kò tíì tán lẹ́nu wọn tí agbo oyin fi tẹ̀lé òórùn igbá náà dé. Ọ̀tún ju fìlà nù, ó ki orí bọ inú ọgbà ẹlẹ́gùn-ún tó wà lẹ́bàá odi ìlú. Nígbà tí ó jáde, agbádá rẹ̀ ti fàya, gbogbo ìlú sì ń rẹ́rìn-ín. Láníhún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Ọ̀tún.

“Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kí n wò ó.”

Ọ̀tún fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ agbádá. Síbẹ̀, wọn kò fún Láníhún ní ilẹ̀ náà, kò sì sáré mọ́ títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ojú ti àwọn àgbà tó wà níbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń pa á lówe pé: A kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé wa.