Awọnlẹ̀ Tí Kò Kọjá Afárá Àkọ́kọ́

Ní Ìrágbìjí, ọkùnrin kan wà tí ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣe iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n. Awọnlẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, débi pé àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ dá a lójú. Bí ó bá ti ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀, ẹjọ́ ti parí níbẹ̀. Ìdílé méjì tí wọ́n ti ń yọ àdá síra wọn yóò wo okùn tí ó ta, oníkálùkù yóò sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó máa ń wọn ilẹ̀ kan kí ó tó kọ ohunkóhun sínú ìwé. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta kò bá bá ẹ̀ẹ̀kejì mu, yóò padà sí ìdí òkúta àkọ́kọ́, yóò sì tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá a wí nítorí èyí. Ilẹ̀ tí a bá ṣì wọ̀n ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré lè sọ ọmọ ìyá méjì di ọ̀tá títí ọjọ́ ikú wọn.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ó ní ìsinmi ló kù fún òun àti ìyàwó òun. Wọn kò tíì sinmi fún ọdún kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lu ìyàwó náà. Ọlọ́run bá wọn ṣe é, ẹ̀mí kò bọ́. Ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan padà sípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò gbà. Ó kàn rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Onídìrí ni obìnrin náà kí àìsàn tó dé. Ọwọ́ yẹn ti dirí fún ìyàwó tuntun, ó sì ti dirí fún ọmọ tí ìyàwó náà bí.

Ní ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń bá a na iṣan sọ fún wọn pé ọwọ́ náà ń fẹ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ tó máa wu ọlọ́wọ́ ni. Ó ní, "Màmá, ohunkóhun tó bá máa mú yín gbàgbé pé ẹ ń ṣiṣẹ́, òun ni kí ẹ máa ṣe. Ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́."

Àrìnọlá, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo tó ń gbé ní Kánádà, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Kò pẹ́ tí ó fi fi ẹ̀rọ géèmù ránṣẹ́ sí wọn, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú páàdì méjì tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Géèmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ẹni méjì ló sì ń ṣe é pọ̀. Arìnrìn-àjò méjì ni wọ́n, ọ̀kan wọ aṣọ pupa, èkejì wọ aṣọ àwọ̀ ewé. Wọ́n á gbéra láti abúlé kan lórí òkè, wọ́n á máa kọjá afárá àti igbó àti ìlú, wọ́n á máa ká ọsàn lójú ọ̀nà, títí wọ́n á fi dé etí òkun. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já bọ́ sódò, yóò kàn rápálá jáde ni, ara rẹ̀ á tutù rinrin, ìrìn àjò á sì máa lọ. Ohun tó máa pàdánù kò ju ìràwọ̀ kan lọ, nínú ìràwọ̀ mẹ́ta tí géèmù náà ń fún ènìyàn ní òpin ibùdó kọ̀ọ̀kan.

Ìràwọ̀ yìí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n jókòó pọ̀ lórí àga gígùn ní pálọ̀. Ìyàwó mú aláṣọ pupa, awọnlẹ̀ mú aláṣọ àwọ̀ ewé. Wọ́n dé orí afárá àkọ́kọ́. Àtàǹpàkò ìyàwó kò tètè tẹ bọ́tìnnì, aláṣọ pupa sì já bọ́ sódò. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. Awọnlẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ìràwọ̀ kan ti lọ. Jẹ́ ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀." Ó sì tẹ bọ́tìnnì tó ń dá gbogbo rẹ̀ padà.

Wọ́n tún gbéra. Aláṣọ pupa tún já. Awọnlẹ̀ tún dá a padà.

"Bàbá Àrìnọlá, ẹ jẹ́ ká máa lọ báyìí," ni ìyàwó wí. "Ṣebí ó ti jáde nínú omi."

"A kì í fi àbùkù sílẹ̀ lẹ́yìn," ni ọkọ dáhùn. "Bí a bá ti ṣe ibí yìí dáadáa, ibi tó kù á rọrùn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo fẹ́ kí o mọ èyí. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí ó lè rí i jẹ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọwọ́ náà bá lè kọjá afárá láìjá, á jẹ́ pé ó ti san nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí aláṣọ pupa bá já sódò, àyà awọnlẹ̀ á já pẹ̀lú. Ó ń dá eré náà padà bí ẹni tó fẹ́ dá àìsàn padà.

Báyìí ni wọ́n ṣe fún oṣù mẹ́rin. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, afárá kan náà, omi kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tiẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ọsàn kan á ti ṣẹ́ kù lórí igi, ìràwọ̀ á di méjì, awọnlẹ̀ á sì dá a padà. Ìyàwó kì í rẹ́rìn-ín mọ́ bí ó bá já. Ojú ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ mìíràn, á ní oorun ń kun òun. Awọnlẹ̀ á fi páàdì lé e lọ́wọ́, á ní, "Ìyá Àrìnọlá, ọwọ́ yìí ò ní san bí o ò bá ṣe é." Á gbà á, á sì máa ṣe é pẹ̀lú ìka tó le bí igi.

Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń na iṣan wo ọwọ́ náà, ó mi orí. Ó ní bí òun ṣe rí i lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn náà ló ṣe wà. Ó ní bí ìka wọ̀nyẹn bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè kákò mọ́ra kí wọ́n má ṣí mọ́.

Awọnlẹ̀ délé, ó fi wákàtí kan kún àkókò tí wọ́n fi ń ṣe é.

Ní oṣù karùn-ún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ilé ẹ̀kọ́ kú ní Ọ̀fà, ó sì ní láti lọ síbi ìsìnkú. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá láti Òṣogbo kí ó lè dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Obìnrin ọlọ́yàyà ni àbúrò yìí, kì í fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé ohunkóhun tán. Kí awọnlẹ̀ tó lọ, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù náà hàn án, pàápàá bọ́tìnnì ìdápadà.

"Mo ti gbọ́, Bàbá Àrìnọlá," ni àbúrò ìyàwó wí. "Ẹ máa lọ o, ọ̀nà ire."

Ìsìnkú náà kò pẹ́ tó bí ó ṣe rò, ó sì padà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọkọ̀ já a sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Bí ó ti ń sún mọ́ ilé, ó gbọ́ ẹ̀rín. Ó rò pé wọ́n ní àlejò. Ẹ̀rín tó ń ti inú ikùn wá ni, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí èémí mí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn débi pé kò kọ́kọ́ dá a mọ̀.

Ó yọjú wo inú ilé. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ó rí ìlú kan tí kò rí rí. Àtùpà wà lára gbogbo òrùlé, ewúrẹ́ sì ń rìn lórí ògiri ìlú. Aláṣọ pupa àti aláṣọ àwọ̀ ewé ń sá fún ewúrẹ́ kan tó ń lé wọn. Aláṣọ pupa kọsẹ̀, ó já bọ́ láti orí ògiri, ó sì kó sínú kànga.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ti kó sí kànga!" ni àbúrò pariwo.

"Ìwọ lo tì mí!" ni ìyàwó awọnlẹ̀ wí. Omijé ẹ̀rín ń ṣàn lójú rẹ̀. "Dúró dè mí, mò ń bọ̀. Má jẹ́ kí ewúrẹ́ yẹn rí mi o!"

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò yá, ṣùgbọ́n ìka ń lọ, ìka ń bọ̀, obìnrin náà kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é.

Inú awọnlẹ̀ dùn débi pé ó ti ilẹ̀kùn wọlé láìkàn án. Ìyàwó rẹ̀ gbójú sókè, ó rí i. Ẹ̀rín náà gé. Kíá, ó gbé páàdì sílẹ̀ lórí àga, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó, bí ọmọ ilé ìwé tí tíṣà ká oúnjẹ mọ́ lẹ́nu ní kíláàsì.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "A kàn ní ká wò ó ni. A máa dá a padà."

Kò sí ẹni tó gbá ọkùnrin náà létí, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí ló ṣe dúró. Ó ti rí àwọn tó bẹ̀rù rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń yẹ ààlà. Kò rò ó rí pé ìyàwó òun lè wà lára wọn. Ó ní òun fẹ́ lọ ṣan ẹsẹ̀. Ó pẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí àbúrò ìyàwó lọ ra àkàrà, awọnlẹ̀ jókòó sórí àga gígùn, ó sì mú páàdì tirẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àrìnọlá, fi ibi tí ẹ dé hàn mí."

"Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan la ní káàkiri," ni ìyàwó wí. "Ní ibòmíràn, a ò ní rárá. Ẹ má wulẹ̀ wò ó."

"Mi ò béèrè ìràwọ̀." Ọkọ yíjú sí i. "Mo rò pé bí o bá lè kọjá láìjá, á dà bí ẹni pé àìsàn náà ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ìyàwó wò ó títí. Ó ní, "Ó ṣẹlẹ̀, Bàbá Àrìnọlá. Ó ti ṣẹlẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí awọnlẹ̀ fúnra rẹ̀ fi já bọ́ láti orí òrùlé sínú ẹrẹ̀. Kí ó tó mọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì ìdápadà. Ìyàwó rẹ̀ rí i. Awọnlẹ̀ rọra gbé àtàǹpàkò náà kúrò. Aláṣọ àwọ̀ ewé rápálá jáde nínú ẹrẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ dúdú.

"Ẹ wo bàbá ẹlẹ́rẹ̀!" ni ìyàwó wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Awọnlẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

Kò rọrùn fún un lẹ́yìn ìgbà náà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé àwọn ọjọ́ kan wà tí òun máa ń rí i tó ń ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan kó má bàa tẹ bọ́tìnnì yẹn. Ọwọ́ obìnrin náà kò sì padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kò lè dirí mọ́, ó sunkún nítorí rẹ̀, ó sì ti sunkún náà tán. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣí. Ó ń fi ọwọ́ yẹn gbé ife omi mu, ó sì ń fi di ọkọ rẹ̀ mú bí wọ́n bá ń sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn kò tíì parí géèmù náà.

Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi? O sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì pé o ti yọ géèmù rẹ lára tẹlifíṣọ̀n, o sì ti kó o sínú páálí. Oṣù méjì lo fi ṣe é. O wá gbọ́ pé o fi àpótí ìṣúra kan sílẹ̀ láìṣí nínú géèmù náà, níbi tí o kò lè padà sí mọ́, o sì ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo bi ọ́ pé kí o tó gbọ́ nípa àpótí yẹn, ṣé ò ń gbádùn rẹ̀? O kàn ń wo ilẹ̀.

Mi ò ní kí o má ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa. Apoògùn ni ọ́. Bí o bá ń wọn oògùn, wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, bí ó bá sì rú ọ lójú, tún un wọ̀n. Ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá délé, tí o bọ́ bàtà, kò sí ẹni tó máa kú nítorí àpótí kan. Ìsinmi tí a ń ṣe bí ẹni ń ṣe ìdánwò kì í ṣe ìsinmi, iṣẹ́ kejì ni. Ìwọ nìkan kọ́ ló sì ń rẹ̀. Ìyàwó rẹ sọ fún mi pé òun kì í jókòó tì ọ́ mọ́ bí o bá ń ṣe é, nítorí pé òun ò mọ irú ojú tí o máa fi wo òun bí òun bá béèrè pé kí o fún òun ṣe díẹ̀.

Lọ ṣí páálí yẹn lónìí. Fi àpótí sílẹ̀ níbi tó wà. Pe ìyàwó rẹ, sún fún un lórí àga, fún un ní páàdì kan. Kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó máa já bọ́. Bí ó bá já bọ́, má ṣe dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Dúró dè é.